Bí Mo Ṣe Fi Ohùn Bàbá Wa Parọ́ fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi fara balẹ̀ ka èyí dópin lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí, láti bíi oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ sísàlẹ̀. Bóyá tí mo bá sọ ọ́ síta, màá lè mí.

Sìdíkátù ni orúkọ mi, télọ̀ ni mí ní Fìdítì. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kí wọ́n tó papò dà, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, Mùfútáù. Mùfú ti wà ní ìlú òyìnbó láti ọdún mọ́kànlá, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ, kò tíì fojú kan ilé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ wá o! Ìwé rẹ̀ ni kò pé. Tó bá jáde, ó lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù kí ìwé náà lè pé. Wọ́n máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè nípa ìlú wọn àti ìtàn àtijọ́ wọn kí wọ́n tó gbà pé kó máa bá wọn gbé títí. Mùfú ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì fìdí rẹmi. Ìtàn ló ń dà á láàmú. Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi ogun wọ erékùṣù tí wọ́n ń gbé yẹn, kò sì mọ ẹni tó tẹ̀lé e. Ó ní gbogbo wọn ló fi ọkọ̀ ojú omi wá, gbogbo wọn ló gbé idà lọ́wọ́, báwo ni òun ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀?

Ẹ wá wo bí inú ṣe bí bàbá wa! Bàbá wa, tí gbogbo Fìdítì ń pè ní Bàbá Tíṣà, kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gba oko ọsàn wọn lọ. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí, ìtàn ló wá ń gbé e ṣubú? Wọ́n ní àbùkù gbáà ni. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá.

Bí kíláàsì wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Bàbá bá ti kírun Àsárì tán, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé wa, màá gbé fóònù sún mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, màá gba ohùn wọn sílẹ̀ kí n lè fi ránṣẹ́ sí Mùfú lórí Wáásáàpù. Fóònù tiwọn ò lè ṣe irú ẹ̀, oníbọ́tìnnì ni.

Ọsàn mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ tò sórí ẹní, wọ́n ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọsàn kìíní ni àwọn ará Róòmù. Èkejì ni àwọn Sásọ́nì. Ẹ̀kẹta ni àwọn Fáíkíìnì, àwọn olè orí omi. Ẹ̀kẹrin ni àwọn Nọ́máànì. Wọ́n ní tí ojú Mùfú bá ti ń rí ọsàn mẹ́rin yìí, kò lè tò wọ́n ṣì mọ́ láéláé. Tí ẹ̀kọ́ kan bá sì tán, wọ́n á bó ọsàn rẹ̀, wọ́n á mu ún! Mo ní Bàbá, ṣé Mùfú lẹ ń kọ́ ni àbí ọsàn lẹ fẹ́ mu? Wọ́n ní tíṣà tó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun.

Ẹ̀ bá gbọ́ ohùn wọn! "Ẹ káàsán, kíláàsì!" Ẹnì kan ṣoṣo ni kíláàsì ọ̀hún, ẹni náà sì wà lókè òkun. Wọ́n á ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Mùfútáù, dìde!" Wọ́n á bi í ní ìbéèrè kan, wọ́n á wá dákẹ́. Wọ́n á dákẹ́ gan-an ni o, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé. Èmi á máa di ẹ̀rín mọ́nú, fóònù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní, "Ó dáa. Jókòó."

Ẹ sì mọ̀ pé Mùfú máa ń dìde lóòótọ́? Ó ní òun á dìde nínú yàrá òun, òun á dáhùn sókè ketekete, òun ò sì ní jókòó títí Bàbá á fi ní kí òun jókòó. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún!

Nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ní àwọn ará Róòmù wá, wọ́n la ọ̀nà tó gùn gbọọrọ bí èyí tó ti Ọ̀yọ́ wá gba ìlú wa kọjá lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n lò tó irinwó ọdún lórí erékùṣù náà. Nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ nílé tiwọn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. "Àwọn yẹn nìkan ló mọ̀nà ilé o, Mùfútáù." Bàbá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mi ò fura sí nǹkan kan.

Mùfú bẹ̀ mí pé kí n má máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ò fẹ́ kí orí òun kún. Ṣùgbọ́n Bàbá ò dúró. Wọ́n ṣe ti Sásọ́nì sílẹ̀, wọ́n ṣe ti Fáíkíìnì sílẹ̀. Mo ní Bàbá, kí ló ń lé yín? Wọ́n ní ẹni tí òjò ń ṣú fún ló ń ká aṣọ. Ti Nọ́máànì nìkan ni wọn ò parí. Ikọ́ gbé wọn láàárín ọ̀rọ̀, mo pa fóònù, mo sáré bu omi. Wọ́n ní a óò parí rẹ̀ lọ́la. Ọsàn kẹrin ṣì wà lórí ẹní láìbó.

Ọ̀la yẹn, àyà ni wọ́n dì mú. A gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, bàbá wa ti lọ. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa, ọjọ́ yẹn náà la sin wọ́n. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ìgbà tó yẹ kí kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ ti bo orí wọn.

Mo ti gbé fóònù kí n pe Mùfú. Bàbá Ìwáré ló gbà á lọ́wọ́ mi. Àbúrò bàbá wa ni wọ́n, Ìwáré ni wọ́n ń gbé, ìyẹn la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀. Wọ́n ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lórí fóònù. Tó bá ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa gbé e? Ta ló máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Wọ́n bi mí pé ọjọ́ mélòó ló kù kó ṣe ìdánwò. Mo ní ọjọ́ mọ́kànlá.

"Ẹ jẹ́ ó ṣe é tán," Bàbá Ìwáré ló sọ bẹ́ẹ̀. "Tó bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ikú bàbá rẹ̀, inú ẹ̀gbọ́n mi ò ní dùn nínú ibojì. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún un."

Gbogbo wa mi orí pé a gbà. Èmi náà mi orí. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ, ilé ta ni wọn ò ti í ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn mélòó nínú yín ni wọ́n sọ fún pé "ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, ẹ máa bọ̀ wálé," tó jẹ́ pé ibojì lẹ bá nílẹ̀? Bàbá Ìwáré tiẹ̀ pe gbogbo ọmọ Fìdítì tí wọ́n mọ̀ lórí Fésíbúùkù, wọ́n ní ẹni tó bá gbé fọ́tò òkú ẹ̀gbọ́n àwọn síbẹ̀ á rí ìjà àwọn.

Ní Jímọ̀, Mùfú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. "Àǹtí Sìdí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ò ṣe kíláàsì ni?"

Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé kún fọ́fọ́ fún àwọn tó wá kí wa. Mo ṣí ohùn tí Bàbá ti gbà sílẹ̀ nípa Sásọ́nì, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Bàbá ní àwọn onílé ló pe àwọn Sásọ́nì wá pé kí wọ́n wá bá àwọn jà, bí ẹni tó pe àlejò wá bá òun roko. Àlejò roko tán, ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ dára, ó bá kọ́lé síbẹ̀, ó ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn rẹ̀. Ìgbà tó máa tó ọdún mélòó kan, èdè àlejò ni gbogbo ọjà ń sọ. "Mùfútáù, dìde! Ta ló kọ́kọ́ dé, ará Róòmù àbí Sásọ́nì?" Wọ́n dákẹ́. "Ó dáa. Jókòó."

Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé. Ẹ̀rín ni Mùfú ń rín kèékèé. "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo ti jókòó o! Ẹ ní kí wọ́n bó ọsàn wọn!"

Mo sáré wọ balùwẹ̀, mo ki aṣọ bọ ẹnu, mo sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, irọ́ kan ń bí èkejì. Ó ní kí n gbé fóònù fún Bàbá, mo ní wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó tún pè, mo ní wọ́n lọ kí Bàbá Ìwáré. Ó tún pè, mo ní ohùn wọn ti há, dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹ bá mi tọ́jú wọn o, Àǹtí. Mo ní mò ń tọ́jú wọn. Èmi tí mi ò purọ́ fún kọ́sítọ́mà rí nípa ọjọ́ tí aṣọ rẹ̀ máa jáde! Ó dáa, ẹ dákẹ́, mo ti pa irú irọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú ẹ̀.

Mo fi ti Fáíkíìnì ránṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn yẹn, Bàbá ní wọ́n á wá lásìkò ìkórè, wọ́n á kó nǹkan, wọ́n á lọ. Nígbà tó yá, wọn ò lọ mọ́, wọ́n fẹ́yàwó síbẹ̀. Mùfú ní òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ọjọ́ kẹjọ pé. A ṣe fìdáù Bàbá. Àwọn àfáà wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, wọ́n ń ké kéwú. Àárín rẹ̀ ni Mùfú pè. Ǹ bá má gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pè léraléra, ẹ̀rù sì bà mí pé ó lè lọ pe ẹlòmíì. Mo sáré lọ sábẹ́ igi ọsàn.

"Àǹtí, ariwo wo ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Mo ní fìdáù ni wọ́n ń ṣe. Mo ní bàbá kan ládùúgbò wa ló kú.

"Háà! Ta ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "O ò mọ̀ wọ́n."

Ó ní, "Ọlọ́run á forí jìn wọ́n, á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ wọn o, Àǹtí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn le."

Mo ní wọ́n gbọ́. Àmín tí àwọn èèyàn ń ṣe níwájú ilé wá bọ́ sórí àdúrà rẹ̀ gan-an, bíi pé òun ni wọ́n ń dá lóhùn. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi wá mi débẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló wá kù. Mi ò lè fi ohùn Bàbá tí wọn ò parí yẹn ránṣẹ́, màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ìwé tí Bàbá fi ọwọ́ wọn kọ ẹ̀kọ́ náà sí ni mo gbé, mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní Bàbá ní kí n bá wọn kà á nítorí ohùn wọn. 1066, àwọn Nọ́máànì wọlé, wọ́n pa ọba onílé, ọba tiwọn gorí oyè. Mùfú ní mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé tí ìdánwò bọ́ sí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń wọn ìyàwó kan. Fóònù dún. Fídíò ni. Bí mo ṣe gbé e, ariwo Mùfú kún ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí! Mo yege! Mo yege o! Wọ́n bi mí nípa Fáíkíìnì, ọsàn kẹta ni mo kàn rí lójú mi! Ẹ gbé e fún Bàbá! Ohùn wọn ì báà há, ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí wọn. Mò ń bọ̀ wálé, Àǹtí. Ìwé yẹn kàn máa jáde ni. Ẹ ní kí wọ́n má mu ọsàn kẹrin yẹn, àwa méjèèjì la jọ máa mu ún."

Àdéhùn wa ni pé kí n ní Bàbá ń sùn, kí n wá pe Bàbá Ìwáré kí wọ́n wá sọ ọ́. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò jáde. Ohun tó jáde ni, "Mùfú, jókòó."

Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin náà ti di tíṣà. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó tí mò ń wọn rọra gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

"Ọjọ́ wo?"

Mo sọ fún un.

Ó ń ṣírò. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. Ó ní, "Wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ kí ẹ tó fi ti Sásọ́nì ránṣẹ́ sí mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo dìde fún wọn, Àǹtí. Mo dáhùn." Ó tún bi mí, "Fìdáù ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo ní ti Bàbá wa ni. Ó ní, "Ẹ ní mi ò mọ̀ wọ́n." Fóònù kú.

Bàbá Ìwáré pè é, ó gbé e, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun ò bá wọn bínú, àgbà ni wọ́n, ohun tí àgbà mọ̀ ni wọ́n ṣe. Èmi ni kò gbé ìpè mi. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé èmi ni òun bi léèrè, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni òun gbà gbọ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ìwé rẹ̀ jáde. Bàbá Ìwáré bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ wá wò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Mo fi ohùn kẹrin tí Bàbá sọ, èyí tí wọn ò parí, ránṣẹ́ sí i.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Bàbá ní, "Ẹ káàsán, kíláàsì! Nọ́máànì ló dé kẹ́yìn. Ìwé sọ bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe kó ẹṣin wọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwé ò sọ, Mùfútáù. Gbogbo àwọn tó wọkọ̀ lọ sí erékùṣù yẹn ló ní bàbá nílé. Sásọ́nì ní bàbá. Fáíkíìnì ní bàbá. Bàbá dúró létí omi, ó ń wo ọkọ̀, ọmọ lọ, kò padà. Mùfútáù, dìde! Lọ́jọ́ tí bàbá yẹn kú, ta ló lọ sọ fún ọmọ rẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ kó lè dáhùn. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti gbé wọn. Ẹ̀ ń gbọ́ ohùn tèmi níkẹyìn, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́." Wọn ò ráyè sọ pé kó jókòó.

Ìdí tí mo fi fi í pamọ́ nìyẹn. Etí mi ni mo fi gbọ́ ìbéèrè yẹn, ọwọ́ mi ló gbé fóònù sí wọn lẹ́nu. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí mo bá ẹbí fọwọ́ sí i ní pálọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Mùfú.

Mùfú gbọ́ ọ, mo rí i lórí fóònù pé ó ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kẹrin, ohùn kan wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo gbọ́ ìró àga, bí ìgbà tí èèyàn bá dìde. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ bí ọmọ iléèwé: "Kò sẹ́ni tó sọ fún un, sà."

Ó parí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ bú Bàbá Ìwáré. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìfẹ́ lèmi náà fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá gba ọjọ́ ìsìnkú bàbá èèyàn lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan tó gbà kò ṣeé dá padà. Ẹ sọ fún wọn. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ orí fóònù, tí ẹ ò sí níbẹ̀ láti gbé wọn tí wọ́n bá ṣubú, ẹ sọ fún wọn. Ẹkún ọmọ lórí bàbá rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú èyí fún, ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀ yìí. Ṣé ẹ padà dárí jì wọ́n? Báwo ló ṣe pẹ́ tó? Ẹ̀yin tí ẹ ti purọ́ bíi tèmi, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi tún gbé ìpè yín? Ẹ má fi dù mí, mò ń ka gbogbo rẹ̀.

Ọsàn kẹrin ti gbẹ lórí fèrèsé mi, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tí Mùfú ti fi ohùn yẹn ránṣẹ́, orí ìdúró ni mo wà. Mò ń retí ọjọ́ tí àbúrò mi máa ní kí n jókòó.